Ọkọ̀ Tí Monica Rà Nítorí Ìyé

Ẹ̀gbọ́n mi Monica kì í jókòó. Mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Tó bá ń jẹun, yóò dìde láàárín oúnjẹ lọ wo nǹkan tí kò sẹ́ni tó rán an. Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ á máa wo ara wọn, wọ́n á máa wá ẹni tó ń mi bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi gan-an kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àìbalẹ̀-ọkàn títí ó fi ra ọkọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ní Imeri, Ọ̀wọ̀ sì ni ilé rẹ̀ wà, nítorí náà ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Èmi ni Ignatius, àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn ní Isuada, ọ̀kadà mi sì ni gbogbo ọkọ̀ tí mo ní láyé. Ẹ má wulẹ̀ retí pé kí n mọ orúkọ irin tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí ojú wa rí.

Nítorí Ìyé ló ṣe rà á. Ìyé ni à ń pe ìyá wa, Zipporah ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, Imeri ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Inú bọ́ọ̀sì èrò ni bàbá wa kú sí ní ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Benin, láti ọjọ́ náà sì ni Ìyé ti búra pé òun kò ní wọ ọkọ̀ èrò mọ́. A bẹ̀ ẹ́. Fáàdà bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá ìjọ kó ara wọn wá bẹ̀ ẹ́. Ó fún gbogbo wọn ní omi mu, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Ọ̀kadà tèmi ńkọ́? Egungun ìbàdí rẹ̀ kò gba ọ̀kadà. Ó máa ń sọ pé ọjọ́ tí ọmọ òun bá ra ọkọ̀ tirẹ̀ ni òun máa jáde ní Imeri, ó sì máa ń fi ẹ̀rín sí i, nítorí pé ó mọ̀ wá, kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa máa ra ọkọ̀.

Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ojú kan wà tó máa ń ti Ìbàdàn wá sí Ọ̀wọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó bá wọn dé Imeri lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣètọ́jú ọ̀fẹ́, ó wo Ìyé, ó ní omi inú ojú rẹ̀ ti ń le jù, ó sì ń tẹ ẹ̀yìn ojú pa díẹ̀díẹ̀. Òògùn tí wọ́n ń kán sójú lè fà á sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ abẹ ló lè dá a dúró. Ó sọ ọ́ ní ṣàkó fún Monica pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kúrò lójú náà kì í padà wá. Kí oṣù yẹn tó parí, Monica ti lọ sí Àkúrẹ́ lọ ra ọkọ̀.

Kì í ṣe tòkunbọ̀ o. Tuntun ni, ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀. Irú èyí tó ń lo epo tó tún ń lo iná ni, bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn tó ń bá ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, nítorí epo ti wọ́n, ọ̀nà Imeri sì jìn. Kọ́ḿpìnnì tó tà á fún un ní yàrá onígíláàsì kan tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí, wọ́n fún un ní tíì mu. Láti inú yàrá yẹn, èèyàn lè máa wo àwọn mẹkáníìkì wọn lódì kejì gíláàsì, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun bíi dókítà. Ṣùgbọ́n oníbàárà kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú ni yóò rò ó fún. Òun ni yóò tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, òun náà ni yóò mú èsì jáde. Wọ́n tún kìlọ̀ fún Monica pé tí mẹkáníìkì mìíràn bá fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ọrùn àwọn ti mọ́. Sùlè tó ń tún ọkọ̀ gbogbo àdúgbò wa ṣe gbọ́ èyí, ó ní òun kò tilẹ̀ ní bá a nu gíláàsì rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyé wọ ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí itan, ó ń fọwọ́ pa àga lára. Ó ní ọkọ̀ yìí kì í pariwo, ó ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tuntun. Dókítà fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nínú oṣù kẹsàn-án. Inú Monica dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó.

Oṣù kẹsàn-án dé, ọdún Igogo dé. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀wọ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: ìlù kò gbọdọ̀ dún, agogo nìkan ni, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè nígboro títí ọdún fi máa parí. Àti oníṣọ́ọ̀ṣì, àti onímọ́ṣáláṣí, kò sí èyí tó ń bá ìlú jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n Monica kò lè dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Imeri láìwé gèlè, ó ní wọn kò ní bẹ̀rù òun. Òun àti tíṣà méjì tó máa ń gbé lọ, Adéfúnkẹ́ àti Ọmọ́ṣaléwá, á gbé gèlè wọn dání láti ilé. Wọn kì í fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin tó ń lu agogo kiri rí i lórí àga kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Nítorí náà wọ́n á ká gèlè náà, wọ́n á kì í bọ ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi kan tó gba aṣọ dáadáa bí àpò. Wọ́n á wé e ní Imeri. Tí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á tún kì í padà síbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa sùn nítorí ọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá ti ń bọ̀ nínú oòrùn, iná pupa kan á tàn níwájú awakọ̀, ọkọ̀ á rẹ̀ wálẹ̀, á máa wọ́ nílẹ̀ títí á fi dúró. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ́ títí, á tún dìde bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Irú àìsàn wo nìyẹn? Monica bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Èèyàn á máa bá a sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀, ojú rẹ̀ á wà lójú fèrèsé níbi tí ọkọ̀ wà. Ó ń wa ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbi tí iná pupa yẹn máa ń tàn sí.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bọ́ sí àárín Igogo. Monica lọ gbé Ìyé ní Imeri, kí wọ́n sì tó dé Ìpele, ọkọ̀ dúró. Wọ́n jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn. Bọ́ọ̀sì ń kọjá, Ìyé kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa gbà láti rìn, dókítà ti padà sí Ìbàdàn. Ó di ìgbà tí Kérésìmesì ku dẹ̀dẹ̀ kó tó tún wá, nígbà yẹn ojú òsì Ìyé ti kú. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn. Ìyé kò sunkún. Ó ní ó ku ọ̀kan, kí wọ́n máa kán òògùn sí i. Monica ló sunkún, ó ń rìn yí ọkọ̀ náà ká níwájú ilé ìwòsàn bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

Kí n má gbàgbé kọ́ḿpìnnì. Ọjọ́ kejì ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí ọkọ̀ dá wọn dúró sọ́nà yẹn ni Monica ti gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í pamọ́ títí Igogo fi parí. Bó bá pè wọ́n, ọmọbìnrin yẹn á ní wọ́n ṣì ń wò ó, mà. Bó bá tún pè, wọ́n ṣì ń wò ó náà ni. Lọ́jọ́ tó lọ gbà á, wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe, ó ti dáa. Kí ló ṣe é? Ó ti dáa, mà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì di gbogbo gèlè tí wọ́n bá nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá funfun kan, wọ́n gbé e sórí àga. Ohun kan ṣoṣo tí Monica rí yìn nínú ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Ó wí fún gbogbo èèyàn pé wọn kò mọṣẹ́, ṣùgbọ́n olè kò sí láàárín wọn. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

Lóòótọ́, ọkọ̀ ṣe dáadáa títí ọdún fi yí po. Nígbà tí dókítà wá ní ojú ọ̀tún náà ti tó iṣẹ́ abẹ, tó tún fún wọn ní ọjọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, mo rò pé wàhálà ti tán. Ilé-ìwé wọlé, Igogo dé, iná pupa tún tàn. Monica sáré gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn kò rí nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà Imeri ni kò dáa. Ọ̀nà. Bí ẹni pé ọ̀nà náà dáa látoṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹjọ. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n di gèlè sínú ọ̀rá, wọ́n ní kó máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, mo ní kí á gba ọkọ̀ ẹlòmíràn, kí á bẹ ẹnì kan. Monica ní Ìyé ti sọ pé ọkọ̀ ọmọ òun ni òun máa wọ̀, kò sì ní wọ òmíràn. Mo bá a lọ. Ìyé ti múra sílẹ̀ de wa, ó wọ aṣọ tó fi máa ń gba Kọmúníọ̀nù, ó wọlé jókòó sẹ́yìn. Bí a ti kúrò ní Imeri, mo bọ́ fìlà orí mi kí n má baà gbàgbé rẹ̀ sórí wọ Ọ̀wọ̀, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo kì í bọ ibi tí gèlè àwọn tíṣà wà láti àná. Oòrùn ti mú. A kò tíì rí Ìpele nígbà tí iná yẹn tàn.

Monica kò pariwo. Ó rọra gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò pa á, ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá pa á kò ní tan mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí koríko, fóònù wà létí rẹ̀. Ọmọbìnrin Àkúrẹ́ ní kí a wá ọkọ̀ tó máa fà á wá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn dídùn, kò sí ìbínú kankan níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo ya sọ́dọ̀ Ìyé, mo ní bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kó jọ̀ọ́ wọ̀ ọ́, nítorí Ọlọ́run, nítorí ojú kan tó kù yìí. Ìyé kò wo bọ́ọ̀sì náà. Ó tẹ etí sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan kiri ní ẹ̀gbẹ́ àga, bí afọ́jú ṣe ń ṣe, mo sì kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ó dùn mí láti wò ó.

"Ọma mi," Ìyé wí, "nǹkan kan ń mí níbí o. Aṣọ yín ti dí i nímú."

Monica dúró. Ó kọ́kọ́ rò pé ìyá wa ń ṣarán ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ síbi tí ọwọ́ Ìyé wà. Ihò kan wà níbẹ̀, ihò tó ní ìbòrí bí asẹ́, fáànù kékeré kan sì ń sáré nínú rẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ tí kò rí fà. A fa gèlè Adéfúnkẹ́ jáde, a fa ti Ọmọ́ṣaléwá, a fa ti Monica, fìlà tèmi ló kẹ́yìn. Gbogbo wọn ti gbóná bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Lábẹ́ àga yẹn gan-an ni bátìrì ńlá náà wà, ihò yìí ló sì fi ń mí. A ṣí ilẹ̀kùn gbogbo sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tó ṣe, Monica pa ọkọ̀, ó tún un tan. Iná pupa kò sí níbẹ̀ mọ́.

A dé ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ti pe orúkọ Ìyé kọjá. Nọ́ọ̀sì ní ó di ìgbà mìíràn. Monica dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ náà, kò kúrò títí dókítà fúnra rẹ̀ fi jáde wá wò ó, ó sì ní kí wọ́n mú ìyá náà wọlé. Wọ́n ṣe é. Wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Ìyé wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní ó ti hunjọ jù bí òun ṣe rántí rẹ̀. Ilé Monica ní Ọ̀wọ̀ la gbé e lọ kó lè sinmi.

Ẹ ó rò pé Monica máa sinmi náà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló kó gèlè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá, ó ní kí n bá òun dé Àkúrẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀, ohun tó máa sọ fún wọn ló ń tún sọ. Kò dúró lọ́dọ̀ ọmọbìnrin iwájú. Ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì, ó wọlé lọ bá àwọn mẹkáníìkì aláṣọ funfun, ó ju gèlè sórí tábìlì wọn, ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi rí ohun tí ìyá òun tó lójú kan fi ọwọ́ rí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ammar dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò ṣàwáwí.

"A rí i, mà," ó wí. "Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e wá la máa ń bá aṣọ níbẹ̀. A ó kó o kúrò kí ó lè mí, a ó dì í fún yín. Mo máa ń ní kí wọ́n bá yín sọ ọ́ níwájú."

Ọmọbìnrin náà ti tẹ̀lé wa wọlé. Ojú tì í, mo rí i. Ó ní òótọ́ ni, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún òun, ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà bá béèrè nìkan ni òun ń tẹ̀, ohun tó bá sì gbé jáde ni òun ń kà fún oníbàárà.

"Kò síbi tí wọ́n ti ń kọ gèlè sí lórí ẹ̀, mà," ó wí.

Inú bí mi. Mo ń retí kí Monica bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ ohun tó ti kó sẹ́nu láti Ọ̀wọ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó. Ó ń wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rá funfun kọ́ḿpìnnì náà ni, ó ti fi pamọ́ látọdún tó kọjá nítorí pé ó dára.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí ọ̀rá yìí," ló sọ.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ padà, èmi tí n kò wa nǹkan kan ju ọ̀kadà lọ láti ọdún mélòó kan. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wo ibi tí iná ti máa ń tàn. Nígbà tí a dé ilé, Ìyé wà nínú pálọ̀, ó jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Monica kò bọ́ bàtà. Ó lọ dúró ti àga Ìyé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé gèlè òun ló dí ọkọ̀ nímú, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá, pé wọ́n rí i ní Àkúrẹ́, wọn kò sọ, òun náà kò bi wọ́n léèrè ohun tí gèlè ń ṣe nínú ọ̀rá, pé ojú òsì yẹn, òun ló fà á. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ bí ọmọ tí tíṣà ní kó dúró.

Ìyé gbọ́ ọ tán. Ó yí orí, ó ń wá a. Ó yí i títí, kò rí i.

"Ẹ̀gbẹ́ tí kò ríran lo dúró sí," ó wí. "Bọ́ sí ìhín, kí n rí ẹ."

Monica gbé àpótí ìjókòó kan, ó yí àga náà ká, ó sì jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìyé wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀ tó ń mì, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀.